Ṣé dandan ni kí aṣòfin mọ ohun tó ń dìbò fún? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Nígbàkigbà tí mo bá sọ pé kò yẹ kí aṣòfin kankan na ọwọ́ sókè fún àbádòfin (òfin tí wọn ò tíì fọwọ́ sí) tí kò yé e, ìbéèrè máa ń rọ̀jò lé mi lórí. Àwọn kan rò pé ohun tí kò ṣeé ṣe ni mò ń béèrè. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ náà ti hàn gbangba jù, pé kí ni mo tún ń sọ ọ́ sí. Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù jọ síbí, mo sì dáhùn wọn. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn kúrú. Ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gbà ni mo fún un.

Ṣé òfin kankan wà tó fi dandan lé e pé kí aṣòfin ka àbádòfin kó tó dìbò?

Ní ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè, kò sí. Wọn kì í ṣe ìdánwò fún un lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ìwé tó ń fọwọ́ sí pé òun ti kà á. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Bí a bá gbé agbára fún ẹnì kan pé kó máa sọ fún aṣòfin pé, "Ìwọ ò mọ̀ tó, ìbò rẹ ò ní kà," ẹni náà ti di ọ̀gá lórí gbogbo àwọn tí ará ìlú yàn. Mo fara mọ́ ọn pé kí irú agbára bẹ́ẹ̀ má sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ojúṣe ló wà láyé yìí tí ọlọ́pàá kì í wá múni lé lórí, tí ó sì jẹ́ ojúṣe síbẹ̀. Àwa tó kù ní iṣẹ́ tí à ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́. A ò ráyè jókòó ti ìwé òfin. Ìyẹn la ṣe yan ẹnì kan, tí a ń san owó oṣù fún un, pé kó bá wa jókòó tì í. Bí òun náà kò bá jókòó tì í, a jẹ́ pé kò sí ẹnì kankan tó jókòó tì í nìyẹn.

Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ka àbádòfin nínú ilé. Ṣé kíkà yẹn ò tó ni?

Orúkọ ló kù níbẹ̀. Ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àṣà kíkà lẹ́ẹ̀mẹta ti wá, láti ayé tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ kọ ìwé. Ẹ̀dà àbádòfin kì í pọ̀ nígbà náà, nítorí náà akọ̀wé ilé á dìde, á kà á sókè kí gbogbo ọmọ ilé lè fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá mú kí ẹ̀dà kárí, wọ́n dáwọ́ kíkà sókè dúró, àmọ́ orúkọ kò kúrò. Lónìí, bí wọ́n bá ń ṣe kíkà kìíní, àkọlé nìkan ni wọ́n sábà máa ń kà. Ní kíkà kejì ni wọ́n ti ń jiyàn bóyá ó tiẹ̀ yẹ kí irú òfin bẹ́ẹ̀ wà rárá. Lẹ́yìn náà ló ń lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, níbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ní abala dé abala, kó tó padà wá fún kíkà kẹta, tí í ṣe ìbò àṣekágbá.

Àyè tó wà láàrin kíkà kan sí òmíràn ni iṣẹ́ gidi ti ń lọ. Inú àyè yẹn ni aṣòfin ti ń kàwé, tó ń pe àwọn tó mọ̀, tó ń padà lọ sí ẹkùn rẹ̀ lọ wádìí ọ̀rọ̀ wò. Ilé tó bá ṣe kíkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo ti pa àyè yẹn rẹ́. Lórí ìwé, kò rú ìlànà kankan. Ṣùgbọ́n ohun tí ìlànà náà wà fún ti lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé bí wọ́n bá padà sí kíkà sókè, ọ̀rọ̀ á tán. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, sẹ́nétọ̀ Ron Johnson ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n ka àbádòfin ìrànwọ́ àrùn Kòrónà sókè látòkèdélẹ̀. Ojú ewé 628 ni. Ó gba àwọn akọ̀wé ní nǹkan bíi wákàtí 11, wọ́n kà á títí aago méjì òru fi kọjá. Púpọ̀ nínú ìjókòó ilé ló ṣófo nígbà tí wọ́n ń kà á. Ohùn tó ń ka ìwé sí àga kò sọ aṣòfin kankan di onímọ̀.

Àbádòfin mìíràn nípọn bí òkúta. Ta ló lè ka gbogbo rẹ̀?

Kò sí. Mo sọ ọ́ láì fi bò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn adarí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà gbé àbádòfin ètò ìṣúná kan jáde tí ojú ewé rẹ̀ jẹ́ 5,593. Ọjọ́ tó délẹ̀ náà ni ilé méjèèjì dìbò lé e lórí. Ẹni tó bá ń ka ojú ewé kan ní ìṣẹ́jú kan, tí kò sùn, tí kò jẹun, á lo nǹkan bíi wákàtí 93 kó tó kà á tán. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ mẹ́rin.

Òmíràn tún wà. Ọ̀pọ̀ àbádòfin kì í sọ ohun tó fẹ́ ṣe ní tààrà. Á kàn sọ pé, "Ní abala 12, yọ ọ̀rọ̀ náà 'tàbí' kúrò, kí o fi 'àti' rọ́pò rẹ̀." Ẹ lè ka ojú ewé mẹ́wàá irú èyí kí ẹ má mọ nǹkan kan, bí òfin àtijọ́ tí wọ́n ń tún ṣe kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bẹ́ẹ̀, "tàbí" tó di "àti" yẹn lè túmọ̀ sí pé ẹni tí ẹ̀tọ́ kan tọ́ sí lánàá kò ní rí i gbà mọ́ lọ́la.

Nítorí náà, mi ò béèrè pé kí aṣòfin kọ̀ọ̀kan ka gbogbo ojú ewé. Ìdí tí ìgbìmọ̀ fi wà nìyẹn, kí àwọn kan lè wọ inú ọ̀rọ̀ náà lọ tìdí tìdí fún àwọn tó kù. Ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó bójú tó àbádòfin kan ò ní àwáwí kankan: ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè gbára lé ìjábọ̀ wọn, bí ó bá ti ka ìjábọ̀ náà, tó mọ ẹni tó kọ ọ́, tó sì mọ ibi tí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ fúnra wọn ti yapa.

Kí wá ni ẹ̀ ń pè ní "mímọ̀"?

Bí olùdìbò bá dá aṣòfin dúró lójú ọ̀nà ní ọjọ́ kejì ìdìbò, kó lè sọ ohun tí òfin tó wà nílẹ̀ ti ń wí tẹ́lẹ̀, ohun tí tuntun yìí yí padà, ẹni tí yóò san owó rẹ̀, ẹni tí yóò máa lo agbára tó wà nínú rẹ̀, àti ẹni tí yóò pa lára jù. Kó sọ ọ́ ní èdè tí ẹni tó bi í léèrè ń sọ, láì kọ́kọ́ wo ojú akọ̀wé rẹ̀. Ohun tí mò ń pè ní mímọ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń fò jù. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ti gbé àbádòfin wá láti fi òfin de ohun tí òfin ti dè tipẹ́. Ohun tó ń dun ará ìlú kì í ṣe pé kò sí òfin. Kò sí ẹni tó ń mú un ṣẹ ni. Aṣòfin tí kò mọ òfin tó wà nílẹ̀ á kọ òmíràn lé e lórí, méjèèjì á wá máa ta ko ara wọn nílé ẹjọ́.

Èyí tó kan agbára ni mo máa ń wá jù lọ bí mo bá ń ka àbádòfin fúnra mi. Ẹ wá gbólóhùn tó ní, "Mínísítà lè ṣe ìlànà lórí ọ̀rọ̀ yìí." Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ ohun tó ń sọ ni pé òfin náà kò tíì parí, pé ẹnì kan nínú ọ́fíìsì kan ni yóò kọ ìyókù lẹ́yìn tí ilé bá ti túká. Nígbà mìíràn, ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ilé ò lè jókòó máa ṣètò gbogbo fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí aṣòfin mọ̀ pé òun ń fún ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́, kó sì mọ ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ náà lè ṣí. Abala ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣí kọjá. Ibẹ̀ ni òfin ti ń sọ ẹni tí ó ń pè ní "òṣìṣẹ́", ẹni tí ó ń pè ní "ọmọdé", ohun tí ó ń pè ní "ìròyìn èké". Ìtumọ̀ tó bá fẹ̀ jù lè fa ẹni tí ẹnikẹ́ni ò ní lọ́kàn wọ inú àwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lè mi òfin ńlá. Òfin ètò ìlera tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2010 ní ìjọba á máa ran àwọn tó bá ra ìnṣọ́ránsì ìlera ní ọjà tí "ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀" lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ò dá ọjà tiwọn sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló bá wọn dá a. Ǹjẹ́ ìrànwọ́ náà kàn wọ́n bí? Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 2015, adájọ́ mẹ́fà ní ó kàn wọ́n, mẹ́ta ní kò kàn wọ́n. Olórí àwọn adájọ́, John Roberts, tó kọ ìdájọ́ tó gbe òfin náà, sọ pé kì í ṣe ibì kan péré ni wọn ò ti kọ òfin náà dáadáa. Ìnṣọ́ránsì ìlera àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn ló so rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ mélòó kan wọ̀nyẹn fún ọdún púpọ̀.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé wọ́n dìbò fún ohun tí wọn ò mọ̀, tí ó sì di wàhálà?

Ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mẹ́ta ni mo máa ń rántí.

Ní ọdún 2000, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin kan nígbà tí ìjókòó ọdún náà ń parí lọ. Òfin náà ní kí ìpínlẹ̀ dá apá kan owó ọkọ̀ padà fún ẹni tó bá ra ọkọ̀ tó lè lo gáàsì tàbí epo mìíràn tí kì í ba afẹ́fẹ́ jẹ́ tó pẹtiróòlù. Èrò tó dára ni. Wọ́n rò pé mílíọ̀nù dọ́là díẹ̀ ló máa ná wọn. Àmọ́ ìwé òfin náà kò sọ pé ẹni tó ra ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa lo gáàsì náà. Kó ṣáà ti so àgbá kékeré kan mọ́ ọkọ̀ ńlá tó ń mu pẹtiróòlù, owó dé. Àwọn èèyàn rọ́ lọ ra ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa tún ìṣirò ṣe, owó náà ti ń lọ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pe ilé padà fún ìjókòó pàjáwìrì láti wá dí ihò tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́. Ẹnì kan tó bá fara balẹ̀ béèrè pé, "Ta ni yóò gba owó yìí, kí ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó gbà á?" ì bá ti rí i.

Èkejì ni àbádòfin kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní SOPA, tí wọ́n fẹ́ fi gbógun ti olè jíjà iṣẹ́ ọnà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, nígbà tí ìgbìmọ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn kan lára àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà fẹnu ara wọn sọ pé àwọn kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ, pé ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà ṣiṣẹ́ ò yé àwọn. Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú ìwé náà á kan bí kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ àdírẹ́sì ojú òpó, ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń kígbe lé lórí pé ó léwu. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2012, Wikipedia ti èdè Gẹ̀ẹ́sì pa ojú ewé rẹ̀ dé fún wákàtí 24 láti fi ta kò ó. Tẹlifóònù àwọn aṣòfin ò sinmi. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, wọ́n gbé àbádòfin náà jù sílẹ̀. Ó dùn mí pé ariwo ìta ló dá wọn dúró, nígbà tí àwọn tó mọ̀ ti wà nítòsí, tí wọ́n kàn ń dúró kí ẹnì kan pè wọ́n.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tàbí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002, àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà dìbò láti fún ààrẹ láṣẹ láti gbé ogun lọ sí Iraq. Kí wọ́n tó dìbò, àwọn ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti kọ ìwé ìkọ̀kọ̀ kan tó ní nǹkan bíi 90 ojú ewé nípa ohun ìjà Iraq, wọ́n sì gbé e síbi tí sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ti lè lọ kà á. Díẹ̀ péré ló lọ. Bob Graham, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nígbà náà, kà á. Ó rí iyèméjì àti àtakò àwọn ilé iṣẹ́ kan tó wà nínú rẹ̀, tí kò sí nínú ohun tí wọ́n ń sọ fún ará ìlú. Ó dìbò pé rárá. Ìbò náà jẹ́ 77 sí 23. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2003. Ìwé 90 ojú ewé kì í gba èèyàn ju ọ̀sán kan lọ.

Ṣé ẹgbẹ́ òṣèlú kọ́ ló ń sọ bí aṣòfin á ṣe dìbò? Kí ló tún fẹ́ mọ̀ sí i?

Lóòótọ́, adarí ẹgbẹ́ nínú ilé máa ń sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bí wọ́n á ṣe dìbò, mi ò sì rí i bí ohun burúkú. Ará ìlú ló dìbò fún ẹgbẹ́ náà nítorí ohun tó ṣèlérí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tó ń fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, kó sì lójú inú láti mọ ibi tí yóò ti tún un ṣe. Aṣòfin tó mọ àbádòfin náà lè lọ bá adarí rẹ̀ nínú yàrá pé, "Abala kẹsàn-án yìí á pa àwọn ará ẹkùn mi lára, ẹ jẹ́ ká tún un kọ." Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ò ní nǹkan kan láti sọ nínú yàrá náà. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ òfin ti ń di ohun tó dì, kí ìjókòó ìta tó bẹ̀rẹ̀.

Bí àwọn olùdìbò bá fẹ́ ohun kan, ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ló yẹ kó ṣe, ó mọ̀ o, kò mọ̀ o?

Ìjà yìí ti pẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1774, Edmund Burke, tí ìlú Bristol ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn sí ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá àwọn olùdìbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kì í ṣe wàhálà ara nìkan ni aṣojú jẹ wọ́n, ó jẹ wọ́n ní òye rẹ̀ pẹ̀lú, àti pé bó bá fi òye rẹ̀ rúbọ fún èrò wọn, ó ti dà wọ́n nìyẹn. Nígbà tó di 1780, ó rí i pé Bristol ò fẹ́ òun mọ́, ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìdíje. Àwọn mìíràn ní rárá, pé ìránṣẹ́ ni aṣojú, kó ṣe ohun tí wọ́n rán an.

Ibi yòówù kí ẹ dúró sí nínú ìjà yìí, ojúṣe mímọ̀ kò yí padà. Bí Burke bá tọ̀nà, òye tí aṣòfin jẹ wá kò lè ti inú òfìfo wá. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìránṣẹ́ ni, báwo ló ṣe máa mọ̀ bóyá àbádòfin tó wà níwájú rẹ̀ ni èyí tí a rán an? Àkọlé lè jẹ́ ohun tí à ń fẹ́, kí inú rẹ̀ jẹ́ ohun mìíràn pátápátá.

Bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá dé ńkọ́? Ṣé wọ́n á máa kàwé nígbà tí ilé ń jó?

Ìgbà mìíràn wà tí a kò lè dúró. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin àrùn Kòrónà wá ní ọjọ́ 19. Ìwé náà ju 300 ojú ewé lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 25, ó ti di òfin. Mi ò lè sọ pé kí wọ́n dúró oṣù mẹ́ta nígbà tí èèyàn ń kú. Ohun tó mú mi gbà á ni pé wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ á kú lẹ́yìn ọdún méjì, àti pé ilé á máa dìbò lé e lórí ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bí aṣòfin ò bá ráyè mọ̀ lónìí, ó yẹ kó so ọjọ́ tí yóò padà wá mọ̀ mọ́ òfin náà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kì í pẹ́ tí pàjáwìrì fi ń di àṣà. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ìgbìmọ̀ kan ní ilé aṣojú Amẹ́ríkà jókòó yẹ àbádòfin ààbò kan wò, gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ náà, 36, fohùn ṣọ̀kan lé e lórí. Nígbà tó yá, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lóru ọjọ́ kan, ilé sì dìbò lé e ní ọjọ́ kejì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀ ní òpin oṣù kẹwàá, 98 ló dìbò fún un. Russ Feingold nìkan ló kọ̀. Ó dárúkọ àwọn abala tó ń bà á lẹ́rù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan lè ṣàì gbà pẹ̀lú rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé kò mọ ohun tó ń kọ̀.

Ṣé aṣòfin lè pe ẹjọ́ pé wọn ò fún òun láyè láti mọ̀?

Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Jámánì, ìtàn náà sì máa ń fún mi ní ìrètí. Ní 2023, ìjọba fẹ́ ṣe òfin lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná. Lẹ́yìn àríyànjiyàn gígùn láàrin àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, àtúnṣe rẹpẹtẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin nígbà tí ọjọ́ ìdìbò ti sún mọ́lé. Thomas Heilmann, aṣòfin láti ẹgbẹ́ alátakò, lọ sí ilé ẹjọ́ tó ń bójú tó òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń sá eré náà, òun kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n yan òun fún. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí ilé má ṣe kíkà kejì àti ìkẹta ní ọ̀sẹ̀ náà. Wọn ò sọ pé òfin náà dára tàbí pé kò dára. Ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ni ilé tó wá fọwọ́ sí i, nígbà tí kò sí ẹni tó lè sọ mọ́ pé òun ò ráyè kà á.

Àwọn ibòmíràn kọ àkókò náà sínú ìlànà. Ní California, àwọn olùdìbò fúnra wọn ló fi ìbò wọn kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2016 pé àbádòfin gbọ́dọ̀ wà ní títẹ̀ jáde àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún wákàtí 72 kí wọ́n tó dìbò lé e lórí. Ní New York, ọjọ́ mẹ́ta ni, àmọ́ gómìnà lè kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ náà kán, kí wọ́n fo ọjọ́ mẹ́ta náà. Ibi tí fífò náà bá ti rọrùn, ìlànà ò lágbára.

Ta ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mọ̀?

Àwọn ilé aṣòfin tó mọ iṣẹ́ wọn ní òṣìṣẹ́ ìwádìí tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan. Láti 1818 ni ilé aṣòfin kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ilé ìkàwé tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ń kọ àlàyé lórí àbádòfin fún àwọn ọmọ ilé. Amẹ́ríkà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1914. Amẹ́ríkà kan náà dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní 1972 láti máa là wọ́n lọ́yẹ̀ lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì tì í pa ní 1995 nítorí pé wọ́n fẹ́ dín owó kù. Ẹ rántí ọdún yẹn. Ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń wọ ilé gbogbo èèyàn ni wọ́n lé àwọn tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn lọ.

Bí ilé kò bá ní òṣìṣẹ́ ìwádìí, àlàfo náà kì í ṣófo. Àwọn tó fẹ́ rí nǹkan gbà nínú òfin náà ló ń wá kún un. Wọ́n á gbé ìwé tó ti jinná wá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí aṣòfin máa sọ nínú ilé. Kò burú kó gbọ́ tẹnu wọn. Nígbà mìíràn àwọn ló mọ iṣẹ́ náà jù. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àmọ́ kó gbọ́ tẹnu ẹni tí òfin náà máa pa lára pẹ̀lú, kó tó pa ìwé náà dé.

Ṣé kò ní dára ká máa yan àwọn agbẹjọ́rò àti ọ̀mọ̀wé nìkan?

Rárá. Mímọ àbádòfin kò gba oyè. Ẹni tó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ogún ọdún lè rí ohun tí agbẹjọ́rò mẹ́wàá kò ní rí nínú àbádòfin ilé ìwòsàn. Ohun tí mò ń wá lọ́wọ́ wọn ni kí wọ́n lè jókòó, kí wọ́n má sì tijú láti béèrè.

Bí ìbò bá dé, tí aṣòfin ò sì mọ̀, kí ló yẹ kó ṣe?

Kó sọ ọ́. "Mi ò mọ̀, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi." Mo mọ̀ pé ó ṣòro láti sọ níwájú kámẹ́rà àti àwọn alátakò, àmọ́ abéèrè kì í ṣìnà, àti pé nígbà mélòó ni ìbéèrè ẹnì kan ti jẹ́ ìbéèrè gbogbo ilé? Ó lè ní kí wọ́n dá àbádòfin náà padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Ó lè ní kí wọ́n sún ìdìbò síwájú. Bí wọ́n bá kọ̀, kó dìbò pé rárá, nítorí òfin tí kò kọjá lónìí lè padà wá lọ́la, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti kọjá ti ń bá àwọn èèyàn fà á nìyẹn. Àwọn kan á ní kó má dìbò rárá. Mo fara mọ́ ìyẹn náà, bó bá dìde sọ ìdí rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá aṣòfin mi mọ ohun tó ń ṣe?

Ẹ má bi í bóyá ó fara mọ́ àbádòfin. Á ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò sì ní mọ nǹkan kan sí i. Ẹ bi í pé abala wo ló ń dààmú rẹ̀ jù. Mo bi ẹnì kan rí. Àkọlé àbádòfin náà ló tún kà fún mi, lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ẹ̀rín. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn, nítorí èmi náà ló ṣojú fún. Ẹlòmíràn tí mo bi dáhùn pé, "Abala ìjìyà. Owó ìtanràn yẹn kan náà ni wọ́n bù fún ilé iṣẹ́ ńlá àti fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, mo sì ti kọ àtúnṣe rẹ̀." Mi ò gbà pẹ̀lú ẹni kejì yìí lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, síbẹ̀ ọkàn mi balẹ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ tún bi í ta ló bá sọ̀rọ̀ kó tó pinnu. Bí gbogbo orúkọ tó dá bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí ti àwọn tí owó òfin náà ń bọ̀ wá bá, ẹ ti mọ ohun tó kù kó gbọ́.

Ṣé èmi náà lè ka àbádòfin?

Ẹ lè kà á. Ọ̀pọ̀ ilé aṣòfin ló ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì; bí tiyín ò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè ẹ̀dà lọ́wọ́ akọ̀wé ilé. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí abala ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, kí ẹ wá lọ sí ibi ìjìyà, lẹ́yìn náà kí ẹ wá gbogbo ibi tó ti sọ pé mínísítà tàbí àjọ kan "lè" ṣe nǹkan. Ojú ewé mélòó kan péré ni, èyí sì lè gba yín ní wákàtí kan. Ẹ kọ nọ́ńbà abala tí kò yé yín sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí aṣòfin yín kí kíkà kejì tó dé, nígbà tí ó ṣì lè tún un ṣe.